Ẹ jọ̀ọ́, kí ni "spardhā" túmọ̀ sí gan-an? Ṣé ìdíje ni àbí owú?

Akọ̀tàn:

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dà mí láàmú láti bí ọjọ́ mẹ́rin, mo sì mọ̀ pé ibí yìí làwọn tó gbọ́ Sáńskrítì, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, jù mí lọ wà, ẹ fara dà á fún mi tó bá gùn díẹ̀. Mò ń túmọ̀ ìtàn Karṇa àti Arjuna látinú Mahābhārata, ìtàn ogun gígùn tí wọ́n fi Sáńskrítì kọ, sí Yorùbá fáwọn ọmọ kan tí mò ń kọ́ lórí fóònù lópin ọ̀sẹ̀, ọmọ ọdún 10 sí 12 ni wọ́n, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ọmọdé kì í jẹ́ kéèyàn fi ọ̀rọ̀ tí ò yé òun fúnra ẹ̀ kọjá lójú wọn.

Ibi tí mo dé ni ìgbà tí gbogbo wọn ṣì ń kọ́ ọfà títa lọ́dọ̀ Droṇa olùkọ́ wọn, ogun ò tíì sí lọ́kàn ẹnì kankan. Ìwé sọ níbẹ̀ pé Karṇa, ọmọ tí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ogun tọ́ dàgbà, "spardhamānas tu pārthena", Pārtha yẹn náà ni Arjuna, pé ó wá lọ sá di Duryodhana, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Arjuna, ó sì ń fojú àbùkù wo àwọn Pāṇḍava, ìyẹn Arjuna àtàwọn arákùnrin ẹ̀. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Monier-Williams tọdún 1899, mo wo spardhā, wọ́n da gbogbo ẹ̀ jọ síbẹ̀ lójú kan: kéèyàn máa sapá láti bá ẹnì kan dọ́gba, kéèyàn máa bá ẹnì kan ṣe orogún, owú, ìdíje. Èwo ni kéèyàn mú nínú ẹ̀? Mo mú owú. Mo kọ ọ́ pé "Karṇa ń jowú Arjuna", mo kà á fún wọn, ọmọbìnrin kan wá ní "Àǹtí, kí ni Arjuna ní tí Karṇa ò ní? Ṣebí ẹ ní òun náà mọ ọfà ta bíi tiẹ̀?"

Ẹnu mi wọ̀. Kì í ṣe pé n ò lè fi nǹkan kan dá a lóhùn o, àmọ́ mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo mú yẹn ti ba Karṇa jẹ́ lójú ọmọ náà kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ Karṇa kì í ṣe èèyàn kékeré nínú ìtàn yẹn. Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé owú ni spardhā, àbí ìdíje, àbí orogún? Èwo lẹ máa kọ tó bá jẹ́ ẹ̀yin?

Òǹkàwé_Òru:

Àǹtí Akọ̀tàn ẹ kú akitiyan, iṣẹ́ ńlá lẹ̀ ń ṣe fáwọn ọmọ yẹn. Lójú tèmi o, ọ̀dọ̀ sparśa ló ti wá, ìyẹn ìfọwọ́kan, a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní yoga. Ẹ wò ó, spar- ló bẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì, téèyàn méjì bá sì ti ń fara kan ara wọn jù, ìjà ò ní pẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Mo rò pé ìfarakínra ló yẹ kẹ́ ẹ pè é.

Ọmọ_Ìwé_Àtijọ́:

Òǹkàwé ẹ má bínú, wọn ò bára tan o. Sparśa, gbòǹgbò spṛś ló ti wá. Spardhā, gbòǹgbò spṛdh ló ti wá, àwọn míì máa ń kọ ọ́ ní spardh. Ìkẹta tún wà tó máa ń tan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ, spṛhā, ìyẹn kí ọkàn èèyàn máa fà sí nǹkan, gbòǹgbò tiẹ̀ ni spṛh. Ó jọra létí lásán ni, bí ìgbà àti igbá àti igba ò ṣe kan ara wọn. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní mọ̀ọ́mọ̀ ṣini lọ́nà, àmọ́ ó dáa ká tètè yọ ọ́ kúrò kó má lọ wọnú iṣẹ́ àǹtí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń lo gbòǹgbò yẹn dáadáa. Nínú àwọn ìwé ẹbọ àtijọ́, pàápàá Śatapatha Brāhmaṇa, gbólóhùn kan wà tó ń padà wá ṣáá, bí ìtàn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí ni wọ́n ti máa ń gbà á: "devāś ca vā asurāś ca ubhaye prājāpatyāḥ paspṛdhire". Ìyẹn ni pé àwọn deva, àwọn òrìṣà, àtàwọn Asura, àwọn ọ̀tá wọn, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ Prajāpati ẹlẹ́dàá, bára wọn figagbága. Ẹ wo paspṛdhire yẹn dáadáa, spṛdh yẹn náà ni, wọ́n kàn fi pa- síwájú ẹ̀ láti fi hàn pé ó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́.

Tẹ́ ẹ bá wá wọ Bṛhadāraṇyaka Upaniṣad, ìwé àtijọ́ míì, orí 1, ìpín 3, ìtàn yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwọn deva kéré, àwọn Asura ló pọ̀, ọmọ bàbá kan náà sì ni wọ́n, wọ́n wá "aspardhanta", wọ́n figagbága, lórí àwọn ayé yìí. Àwọn deva ní ẹ jẹ́ ká fi orin Udgītha borí wọn níbi ẹbọ. Wọ́n ní kí Ọ̀rọ̀ Ẹnu kọrin fáwọn, Ọ̀rọ̀ Ẹnu kọ ọ́, àwọn Asura mọ̀ pé akọrin yìí ni wọ́n máa fi borí wa, wọ́n sáré lọ bá a, wọ́n fi ibi gún un, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń sọ ohun tí kò yẹ títí dòní. Wọ́n bẹ imú, wọ́n gún un. Wọ́n bẹ ojú, wọ́n gún un, wọ́n bẹ etí, wọ́n gún un, wọ́n bẹ ọkàn pàápàá, wọ́n gún un. Ó wá ku èémí tó wà nínú ẹnu. Òun náà kọrin, wọ́n sáré lọ gún òun náà, wọ́n bá fọ́ yángá bí ìgbà tí wọ́n ju òkìtì amọ̀ lu àpáta.

Mo sọ gbogbo ìtàn yìí torí ọmọbìnrin tó bi yín yẹn. Ó tọ̀nà! Kò sí owú níbẹ̀ rárá. Àwọn Asura ò ní ká gba ojú àwọn deva torí pé ojú wọn dáa ju tiwa lọ. Nǹkan kan wà láàárín wọn tí àwọn méjèèjì fẹ́, oníkálukú sì ń sapá kí ẹnì kejì má dé ibẹ̀ ṣáájú òun. Èyí ló wà nínú spṛdh látilẹ̀. Èdè Gotik, tó jẹ́ èdè àtijọ́ kan nínú ẹbí èdè Jámánì, ní ọ̀rọ̀ kan tó bá spṛdh yìí tan, spaurds, ẹ sì mọ ohun tó túmọ̀ sí? Pápá tí wọ́n ti ń sáré. Ìdíje lèmi máa kọ ní tèmi o.

Olùkọ́_Gírámà:

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìwé ti sọ̀rọ̀. Èmi á mú un wá sọ́dọ̀ Pāṇini, ẹni àtijọ́ tó kọ òfin gírámà Sáńskrítì, torí ó lo ọ̀rọ̀ yìí fúnra ẹ̀, ibi tó sì ti lò ó dùn mọ́ mi gan-an.

Òfin 1.3.31, "spardhāyām āṅaḥ". Gbòǹgbò kan wà tó ń jẹ́ hve, kéèyàn pe èèyàn. Tẹ́ ẹ bá fi ā síwájú ẹ̀, ó lè parí pẹ̀lú -ti tàbí -te. Pāṇini wá sọ pé tó bá jẹ́ ti spardhā, -te ni kẹ́ ẹ fi parí ẹ̀. Àpẹẹrẹ táwọn tó ń ṣàlàyé òfin yẹn fi lélẹ̀ ni "mallo mallam āhvayate", oníjàkadì pe oníjàkadì ẹgbẹ́ ẹ̀ níjà. Wọ́n tún fi èyí kún un, "chātraś chātram āhvayate", akẹ́kọ̀ọ́ pe akẹ́kọ̀ọ́ níjà. Wọ́n wá béèrè pé kí ló dé tí Pāṇini fi dá spardhā nìkan yà sọ́tọ̀, wọ́n dáhùn pé torí "gām āhvayati gopālaḥ": darandaran pe màálù. Ìyẹn, -ti ló parí sí. Ẹni tó ń pe màálù ẹ̀ kò pè é níjà, ó ń pè é kó máa bọ̀ nílé ni. Létà kan ṣoṣo ló yí i padà, ti tàbí te, ó ti fi hàn yín bóyá ìjàkadì fẹ́ wáyé àbí màálù fẹ́ wọ ilé. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ òfin yìí, tí mo bá ti gbọ́ spardhā, àwọn oníjàkadì méjì tó kojú síra wọn ni mo máa ń rí.

Èkejì, èyí sì ni mo rò pé ó máa tán ìṣòro àǹtí. Òfin 1.4.37. Pāṇini ka irú ìṣe mẹ́rin jọ: bíbínú, kéèyàn máa wá ibi fún èèyàn, īrṣyā tó jẹ́ owú, àti asūyā, kéèyàn máa wá àṣìṣe sínú ire ẹlòmíì. Ó ní ẹni tí ìbínú ọ̀hún ń lọ bá, ẹ fi í sí ipò ẹni tí wọ́n ń fún ní nǹkan. Devadattāya īrṣyati, ó ń jowú Devadatta (orúkọ àpẹẹrẹ lásán ni). Ẹ rí -āya yẹn, ó dà bí ọfà tó ń lọ bá Devadatta lójú ibi tó jókòó sí, Devadatta lè má tiẹ̀ mọ̀ rárá. Spardhā ò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn o! Ti spardhā, "Devadattena spardhate" lẹ máa sọ, -ena yẹn túmọ̀ sí "pẹ̀lú". Ó ń bá Devadatta díje. Àwọn méjèèjì ló wà nínú ẹ̀.

Ó dáa, ẹ padà síbi tí àǹtí ti kà á: "spardhamānas tu pārthena". Pārthena ni, kì í ṣe Pārthāya. "Bá" ti Yorùbá gan-an nìyẹn, bá a díje, bá a jàkadì, bá a sáré. Téèyàn bá ti kọ "jowú Arjuna", ó ti yọ "bá" yẹn kúrò, Arjuna ti di ẹni tó kàn dúró lásán.

Ẹ má wá lọ rò pé nǹkan jẹ́jẹ́ ni spardhā o. Àwọn tó ń ṣàlàyé Pāṇini náà ló tú u sí "parābhibhavecchā", kéèyàn fẹ́ borí ẹnì kejì. Wọn ò ní kéèyàn fẹ́ dáa, wọ́n ní kéèyàn fẹ́ borí. Torí ẹ̀ ni "ìdíje" nìkan fi ń tutù díẹ̀ létí mi, ó dà bí ìdíje àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n máa fún ní ẹ̀bùn. Ìfigagbága ló sún mọ́ ọn jù.

Ìyá_Àgbà_Ọ̀rọ̀:

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ti ṣe dáadáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí àǹtí mẹ́nu bà tí gbogbo yín fò, orogún. Ẹ ò gbọdọ̀ fò ó torí Sáńskrítì ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ fún orogún, kì í sì í ṣe spardhā.

Sapatnī. Sa- ni "jọ", pati ni ọkọ, sapatnī ni obìnrin tí ẹ jọ ní ọkọ kan. Orogún nìyẹn láìsí àlàyé kankan. Nínú Rigveda, ìwé orin àtijọ́ tó ní orin 1,028, orin méjì wà nínú apá kẹwàá tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn dá lé e. Orin 10.145, obìnrin kan ń wú ewé nílẹ̀, ó ń sọ fún ewé yẹn bó ṣe ń wú u pé mo ń wú ìtàkùn yìí tó lágbára jù lọ, èyí téèyàn fi ń lé orogún, èyí téèyàn fi ń rí ọkọ ẹ̀ gbà. Ẹ wo ọwọ́ obìnrin yẹn nínú erùpẹ̀ o. Èkejì ni 10.159, ilẹ̀ ti mọ́ níbẹ̀, ó ní oòrùn ti là, ire tèmi náà ti là, ó wá ń pe ara ẹ̀ ní asapatnā, ẹni tí kò ní orogún mọ́. Mo ti ka orin méjèèjì yìí lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sú mi, torí ẹ̀dùn ọkàn gidi ló wà níbẹ̀, ayọ̀ ẹni tó borí sì tún ń dẹ́rù bani díẹ̀.

Ibi tó wá dé nìyí. Látara sapatnī yìí ni wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ ti ọkùnrin, sapatna, ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀tá rẹ, tẹ́ ẹ jọ ń du nǹkan. Àwọn ọba ń lò ó, àwọn jagunjagun ń lò ó, bẹ́ẹ̀ yàrá ìyàwó ló ti jáde. Nínú Bhagavad Gītā 2.8, tó wà nínú Mahābhārata náà, Arjuna ní bí wọ́n bá tiẹ̀ fún òun ní ìjọba tó jẹ́ asapatna lórí ilẹ̀ ayé, ìjọba tí kò ní alábàádù, ìbànújẹ́ òun ò ní lọ. Nínú 11.34, Kṛṣṇa, òrìṣà tó ń wa kẹ̀kẹ́ ogun fún un, sọ fún un pé jà, ìwọ lo máa ṣẹ́gun àwọn sapatna lójú ogun. Ta sì làwọn sapatna yẹn? Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ wà lára wọn.

Ìyẹn tún mú mi rántí bhrātṛvya. Inú ọ̀rọ̀ "arákùnrin" ló ti wá, ó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò èèyàn nínú ilé, ó sì tún lè jẹ́ ọ̀tá tẹ́ ẹ jọ ń du nǹkan. Ilé náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn pẹ̀lú. Olùkọ́, ẹ bá mi sọ ti ohùn ẹ̀ fún wọn, mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Olùkọ́_Gírámà:

Ẹ ṣeun mà. Òfin 4.1.144 àti 145 ni. Tó bá jẹ́ ọmọ arákùnrin, ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni ohùn dúró sí, bhrātṛvyà. Tó bá jẹ́ ọ̀tá, Pāṇini ní "vyan sapatne", iwájú ni ohùn máa bọ́ sí, bhrā́tṛvya. Létà ò yàtọ̀, ohùn ló yàtọ̀. Kò yẹ kíyẹn ṣòro fún ẹnikẹ́ni tó ń sọ Yorùbá, àwa náà ń fi ohùn dá ọkọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Ẹ tún wò ó pé "sapatna" ni Pāṇini lò níbẹ̀ láti ṣàlàyé ọ̀tá, kò lo spardhā. Ó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Òǹkàwé_Òru:

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tọ́ mi sọ́nà, mo ti pa ti sparśa yẹn rẹ́ nínú ìwé mi. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé a lè wá sọ pé spardhā ni ti pápá, ti oníjàkadì, sapatna sì ni ti inú ilé? Kí àwọn méjèèjì má pàdé rárá?

Ìyá_Àgbà_Ọ̀rọ̀:

Ọmọ mi, wọ́n ń pàdé o. Ìtàn Kadrū àti Vinatā nìyẹn, ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ Mahābhārata níbẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, Kaśyapa ló fẹ́ àwọn méjèèjì. Kaśyapa ní kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n fẹ́, Kadrū ní òun fẹ́ ọmọ 1,000, ejò ni gbogbo wọn, Vinatā ní òun fẹ́ méjì péré, àmọ́ kí méjì yẹn lágbára ju gbogbo ti Kadrū lọ. Wọ́n yé ẹyin. Ti Kadrū pa lẹ́yìn 500 ọdún, ti Vinatā ò tíì pa. Ara Vinatā ò gbà á mọ́, ó fọ́ ọ̀kan. Ọmọ tó wà níbẹ̀, Aruṇa, ìdajì ara ẹ̀ ló ti pé, ìdajì ò tíì pé. Ọmọ yẹn wo ìyá ẹ̀, ó gégùn-ún fún un pé 500 ọdún lo máa fi ṣe ẹrú fún ẹni tí ò ń bá figagbága yìí. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "yayā vispardhase saha". Vi-spardh. Orogún ni wọ́n, spardhā sì ni ọmọ sọ pé ìyá òun ń ṣe. Ẹ tún rí saha níbẹ̀, "pẹ̀lú", bí Olùkọ́ ṣe wí.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn làwọn méjèèjì ta tẹ́tẹ́ lórí ìrù ẹṣin Uccaiḥśravas, Vinatā ní funfun ni, Kadrū ní dúdú ni, Kadrū wá rán àwọn ọmọ ẹ̀ kí wọ́n lọ lẹ̀ mọ́ ìrù ẹṣin náà bí irun dúdú. Bí Vinatā ṣe di ẹrú nìyẹn, títí ọmọ ẹ̀ kejì, Garuḍa, fi lọ gba omi àìkú wá láti fi tú u sílẹ̀.

Ohun tí mo rí sí i ni pé sapatnī ń sọ ẹni tó o jẹ́ sí ẹnì kejì, spardhā ń sọ ohun tó ò ń ṣe. Èèyàn lè jẹ́ orogún láìṣe nǹkan kan. Spardhā, èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe é ni. Ẹyin yẹn, ọwọ́ ara Vinatā ló fọ́ ọ.

Ará_Ìrìnàjò:

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo fojú rí kún un. Mo gbé Pune fún ọdún méjì, lágbègbè Maharashtra ní Íńdíà, èdè Marathi ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, spardhā ò sì ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni. Eré ìdárayá ilé ìwé, "krīḍā spardhā" ni wọ́n ń kọ sára pátákó. Ìdánwò tí wọ́n fi ń gba èèyàn síṣẹ́ ìjọba, "spardhā parīkṣā" ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá sí Pune torí ìdánwò yẹn pọ̀ gan-an, yàrá ìkàwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mò ń gbé, ẹ̀ẹ́ bá wọn níbẹ̀ láago márùn-ún ìdájí, ìwé tó ga tó orí wọn níwájú wọn, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá ní owú ni spardhā, kò ní yé wọn. Lédè Kannada, ẹni tó bá jáde fún ìbò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ni spardhisu. Àjọ ìjọba tó ń rí sí i pé àwọn ilé iṣẹ́ ń díje bó ṣe yẹ, orúkọ ẹ̀ lédè Híńdì ni Bhāratīya Pratispardhā Āyog, òfin tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, tọdún 2002 ni.

Èyí tí mo fẹ́ sọ ni pé lẹ́nu àwọn tó ń lò ó lónìí, ó ti mọ́ tónítóní. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ owú, īrṣyā wà níbẹ̀ fún wọn.

Ọmọ_Ìwé_Àtijọ́:

Àlàyé yẹn dáa, àmọ́ ti òde òní ni o. Ká má fi ti òde òní ka ìwé àtijọ́. Monier-Williams ò ṣàṣìṣe tó fi owú kún un, àwọn ibì kan wà tó ti rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń du nǹkan pẹ́, inú ẹ̀ lè dìdàkudà. Kó má jẹ́ pé òun la máa kọ́kọ́ mú ni tèmi.

Ẹ tún jẹ́ kí n bun àwọn ọmọ yẹn ní ọ̀rọ̀ kan, wọ́n máa fẹ́ràn ẹ̀. Amarakośa, ìwé tí wọ́n fi ń to ọ̀rọ̀ tó bára mu pọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há sórí, ní ọ̀rọ̀ yìí: ahampūrvikā. Aham ni "èmi", pūrva ni "àkọ́kọ́, iwájú". Ìwé yẹn tú u báyìí: "ahaṃ pūrvam, ahaṃ pūrvam", èmi ṣáájú, èmi ṣáájú! Bí àwọn ọmọ ogun ṣe ń kígbe tí wọ́n ń sáré síwájú nìyẹn, oníkálukú fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kọ́kọ́ débẹ̀. Ìkejì ẹ̀ ni ahamahamikā, "èmi, èmi", tí oníkálukú ń fi ara ẹ̀ hàn ẹnì kejì.

Akọ̀tàn:

N ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìyá, ẹ ṣeun gan-an mà, orin obìnrin tó ń wú ewé yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti àná.

Ìdí tí mo fi pẹ́ kí n tó padà wá ni pé mo fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò lójú àwọn ọmọ ná. Mo pa "jowú" rẹ́. Mo kọ ọ́ báyìí: "Karṇa ń bá Arjuna figagbága, kò fẹ́ kí ohun kankan wà tí Arjuna lè ṣe tí òun ò ní lè ṣe é." Gbólóhùn Sáńskrítì ò gùn tó yẹn, mo mọ̀, àmọ́ mo fẹ́ kí "bá" yẹn àti "fẹ́ borí" yẹn jọ wà níbẹ̀. Mo kà á. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ọmọbìnrin tó bi mí lọ́jọ́sí ní, "Ṣé Arjuna mọ̀ pé ó ń bá òun figagbága?"

Mo ní kí ló rò. Ó ní ó gbọ́dọ̀ mọ̀, torí tí kò bá mọ̀, ta ló ń bá Karṇa ṣe é?

Olùkọ́, Pārthena yẹn ló rí o, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ẹyọ Sáńskrítì kan.

Olùkọ́_Gírámà:

Orí mi wú! Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Nǹkan kékeré kan péré: -māna tó parí spardhamāna ń fi hàn pé ó ń ṣe é lọ láìdáwọ́ dúró, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. "Ń" tẹ́ ẹ lò ti gbé e, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wúwo sí i, "ń bá Arjuna figagbága ṣáá". Bó ṣe wù yín.

Akọ̀tàn:

Mo ti fi "ṣáá" kún un. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa dé ọjọ́ tí Droṇa kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ jáde kí gbogbo ìlú wá wò wọ́n, tí Karṇa ṣàdédé wọ pápá, tó ní gbogbo ohun tí Arjuna ṣe tán yẹn lòun náà máa ṣe, tó sì ṣe é, tí Kṛpa, olùkọ́ kan, wá dìde bi í pé ọmọ ta ni ọ́. Mo ti ń wò ó pé ọmọbìnrin yẹn máa ní ìbéèrè, mo sì ti ń ka ibẹ̀ lákàtúnkà.